Kò Sí Ọ̀la, Ṣùgbọ́n Tíkẹ́ẹ̀tì Wà

Ọmọ ẹ̀gbọ́n mi kan ń gbé lọ́dọ̀ mi, nínú yàrá kékeré tó wà lẹ́yìn ilé. Orúkọ tí bàbá rẹ̀ sọ ọ́ dáa púpọ̀, ṣùgbọ́n Kòsọ́la ni èmi ń pè é. Òun ló fi ẹnu ara rẹ̀ gba orúkọ náà. Ní kó pààrọ̀ gílóòbù yàrá rẹ̀ tó ti jóná, á ní, "Bọ̀dá, ṣé ọ̀la wà ni?" Ní kó fi díẹ̀ pamọ́ nínú owó oṣù rẹ̀, á ní, "Fún ọ̀la wo?" Bí ìyàwó mi bá ká a mọ́ ìdí ìkòkò níbi tó ti ń mú ẹran kẹta, ọ̀rọ̀ kan náà ló máa fi gbèjà ara rẹ̀: "Àǹtí, ẹ jẹ́ n jẹ ẹ́ o, a ò mọ bí ọ̀la ṣe máa rí."

Ọmọ ọdún mẹ́tàdínlọ́gbọ̀n ni. Ó kàwé, ó gboyè, ó fi ọdún kan sin ìjọba níbi tí kò ti gbọ́ èdè wọn, ó padà sí Ìbàdàn, ó rí iṣẹ́ sí ọ́fíìsì kan ní Dùgbẹ̀. Owó oṣù rẹ̀ fi díẹ̀ lé sí ₦70,000 tí ìjọba fi òfin gbé kalẹ̀ ní 2024 pé kí owó òṣìṣẹ́ kankan má ṣe kéré sí. Ẹ má tíì bá a sunkún. Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ fi í ṣẹ̀sín ná. Ẹkún wà nílẹ̀, kò ní sá lọ.

Ẹ wá wo Kòsọ́la láàárọ̀ Sátidé. Ọkùnrin tí kò lọ́la á ti jí kí ládàánì tó pe ìrun. Á jókòó sórí pèpéle pẹ̀lú ṣòkòtò péńpé, fóònù lọ́wọ́, bírò létí. Kò sí ohun tí kò mọ̀. Ó mọ gólí kan ní Tọ́kì tí ìka ń dùn. Ó mọ iye kọ́nà tí ẹgbẹ́ kan ní Finland máa ń gbà bí òjò bá rọ̀. Ó mọ ẹgbẹ́ tó kẹ́yìn nínú dífíṣọ̀n kejì ní Poland, ó sì mọ ìdí tí ara kóòṣì wọn kò fi balẹ̀. Bi í léèrè ọjọ́ tí a máa san owó iná. Kò mọ̀.

Eré méjìlá ló máa ń kó pọ̀ sórí tíkẹ́ẹ̀tì kan. Bí wọ́n bá fi 1.5 sí ọ̀kọ̀ọ̀kan, tí o sì fi 1.5 sọ ara rẹ̀ di púpọ̀ títí ó fi pé méjìlá, o máa bá a ní nǹkan bí 130. Èyí ni pé ₦500 á di ₦64,000 àti jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ibi tí ọmọ wa ka ìwé dé nìyẹn, ó sì ti pa á dé. Èmi ṣí ojú ewé kejì fún un. Mo ní, "Ká tilẹ̀ sọ pé àwọn onítẹ́tẹ́ kò yọ kọ́bọ̀ jẹ, tí iye tí wọ́n kọ síbẹ̀ sì jẹ́ òdodo, irú tíkẹ́ẹ̀tì yìí á jẹ lẹ́ẹ̀kan nínú nǹkan bí 130. Sátidé méjìléláàádọ́ta ló wà lọ́dún. O máa ta á fún ọdún méjì àtààbọ̀ kó tó jẹ lẹ́ẹ̀kan, o sì ti máa ná ₦65,000 kó tó jẹ ₦64,000 fún ọ. Àwọn onítẹ́tẹ́ sì ń yọ tiwọn jẹ o. Àbí ta lo rò pé ó ń san owó àwọn pátákó ńlá tó wà ní Mọ́kọ́lá?"

Ó fi àánú wò mí, bí ẹni ń wo arúgbó tó ń gbé fóònù sétí lódì. "Bọ̀dá, ẹ ti ń ro ó jù. Ẹyọ eré kan péré ló máa ń gé e."

Ẹyọ eré kan péré! Ọdún mẹ́rin rèé tí ẹyọ eré kan péré ti ń gé Kòsọ́la, kò sì sí ọjọ́ tí kò yà á lẹ́nu.

Ẹ wá bá mi dá a. Eré méjìlá, ọmọkùnrin méjìlélógún nínú ọ̀kọ̀ọ̀kan: igba ó lé mẹ́rìnlélọ́gọ́ta ọkùnrin. Kò bá ọ̀kankan nínú wọn jẹun rí. Kò mọ ilé wọn. Wọ́n fọ́n ká sí orílẹ̀-èdè mẹ́jọ. Ó sì dá a lójú hán-ún pé gbogbo wọn pátá ló máa jí lọ́jọ́ kan náà, kí wọ́n sì ṣe ohun tí òun fẹ́. Ábúráhámù gan-an kò nígbàgbọ́ tó bẹ́ẹ̀. Ẹni yìí ló wá ń sọ fún mi pé òun ti sọ̀rètí nù.

Nǹkan tí òfin fọwọ́ sí ni kò gbà gbọ́. Lóṣooṣù ni ọ́fíìsì rẹ̀ ń yọ ìdá mẹ́jọ nínú ọgọ́rùn-ún owó rẹ̀ sí àpò owó ìfẹ̀yìntì, tí ọ̀gá rẹ̀ sì ń fi ìdá mẹ́wàá tirẹ̀ lé e. Mo ní, "Ṣó o rí i, owó ń gbèrú fún ọ níbì kan láìmọ̀." Ó bú sẹ́rìn-ín. Ó ní kí n wò ó, ọjọ́ tóun bá pé àádọ́ta ọdún ni wọ́n máa ń jẹ́ kéèyàn fọwọ́ kàn án, ìyẹn ọdún mẹ́tàlélógún sí i. Nígbà tí yóò bá fi tó àkókò, ẹyin mẹ́ta àti búrẹ́dì kan ni owó náà máa rà, búrẹ́dì yẹn gan-an kò ní ní ṣúgà nínú. Mo ní ó kéré tán, wọ́n ń fi iye tó wà níbẹ̀ ránṣẹ́ sí i. Ó ní, "Bọ̀dá, ta ló máa dúró dè é?" Ó sì yíjú padà sí gólí Tọ́kì.

Kì í kúkú ṣe tẹ́tẹ́ nìkan. Ní 2024, eku kan wọ orí fóònù àwọn ọmọ yìí. Ìwọ á máa fìka tẹ eku, eku á máa pọ owó, wọ́n ní owó náà á di dọ́là lọ́jọ́ kan. Lóru, bí mo bá jáde lọ tọ̀, mo máa ń gbọ́ tó-tó-tó láti yàrá ẹ̀yìn. Mo rò pé ikán ló ń jẹ páànù. Àṣé Kòsọ́la ló ń fún eku lónjẹ. Ọmọ tí ìyá rẹ̀ ta ilẹ̀ kan rán níléèwé! Nígbà tí wọ́n wá pín owó eku, tirẹ̀ kò tó owó dátà tó fi tẹ̀ ẹ́. Ó sùn fún ọjọ́ méjì. Ìyàwó mi ṣe àgbo fún un, ó rò pé ibà ni.

Àwọn tó ń sọ owó di ìlọ́po ńkọ́? Ẹ ṣì rántí MMM, ìdá ọgbọ̀n nínú ọgọ́rùn-ún lóṣù kan, tí wọ́n fi yìnyín bo owó gbogbo ayé ní ọjọ́ 13 oṣù Kejìlá 2016, nígbà tí Kérésì ku ọjọ́ méjìlá. A rò pé ojú ti là. CBEX tún dé: ọgbọ̀n ọjọ́, owó rẹ á di méjì; ní oṣù Kẹrin 2025, òun náà dojú dé. Níbí, ní Òkè-Àdó, àwọn tí owó wọn há já wọ ọ́fíìsì CBEX, wọ́n kó ẹrù ibẹ̀. N kò bá wọn wí. Ṣùgbọ́n bí ẹnì kan bá fi ₦500,000 sílẹ̀ tó gbé àga kan jáde, kó má ṣe jẹ́ kí ọmọdé jókòó lórí àga yẹn o. Kó fi gíláàsì bò ó.

Ti gbèsè orí fóònù ló pa mí lẹ́rìn-ín jù, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ẹ̀rín náà pẹ́ kó tó dé. Ìkómọjáde la wà lọ́jọ́ náà. Bàbá tó ń ṣètò fi oyin sórí ahọ́n ọmọ, ó ní, "Oyin kì í korò," gbogbo wa ní àṣẹ, fóònù mi dún. Mo yọ́ ọ wò. Ọ̀rọ̀ kan ni láti ọ̀dọ̀ àwọn ayánilówó orí fóònù, orúkọ ọmọ ẹ̀gbọ́n mi wà níbẹ̀ gàdàgbà pẹ̀lú fọ́tò rẹ̀: ẹ bá wa kìlọ̀ fún oníjìbìtì yìí, ó jẹ wá ní ₦15,000, ó ti sá lọ. Mo gbójú sókè. Oníjìbìtì tó sá lọ rèé níwájú mi, ó gbé àwo ìrẹsì dání, ó ń béèrè bóyá ọbẹ̀ ṣì kù. Bí mo ṣe ń wò ó ni fóònù ìyàwó mi náà dún. Ti pásítọ̀ dún. Ti ìyá ọmọbìnrin tó fẹ́ fẹ́ dún pẹ̀lú.

Nígbà tí mo wà ní kékeré, àwọn àgbà máa ń sọ ìtàn òṣómàáló fún wa, àwọn oníṣòwò aṣọ láti ilẹ̀ Ìjẹ̀ṣà tí wọ́n ń tà á láwìn kiri ìlú. Ọjọ́ owó bá pé tí o kò san, ọkùnrin náà á wá lóṣòó sẹ́nu ọ̀nà rẹ, kò ní dìde títí wàá fi san án. Ojú ń tini, ṣùgbọ́n ojú àdúgbò kan ni. Òṣómàáló inú fóònù yìí ń lóṣòó sẹ́nu ọ̀nà igba ó lé ogójì ènìyàn lẹ́ẹ̀kan náà, títí kan ẹni tó ń ta bátìrì fún ọ lọ́dún mẹ́ta sẹ́yìn. Mo bi í pé kí ló fi owó ọ̀hún ṣe gan-an. Ó wolẹ̀. Aṣọ ẹbí ni. Ọ̀rẹ́ rẹ̀ ń gbéyàwó ní Abẹ́òkúta. Ẹni tí kò lọ́la yáwó láti fi bá ẹlòmíì ṣe ayẹyẹ títí láé.

Jápa náà ńkọ́? Ó gbìyànjú rẹ̀. Bí akẹ́kọ̀ọ́ bá fẹ́ lọ sí Ìlú Ọba, owó gbọ́dọ̀ sùn nínú àkáǹtì rẹ̀ fún ọjọ́ méjìdínlọ́gbọ̀n gbáko láìjẹ́ kó dín. Ó lọ yá owó tí wọ́n ń yáni fún àfihàn lásán. Láti ọjọ́ tí wọ́n ti bí Kòsọ́la, ìgbà kan ṣoṣo tí owó pé ọjọ́ méjìdínlọ́gbọ̀n lọ́wọ́ rẹ̀ nìyẹn, owó olówó sì ni. Wọn kò fún un ní físà.

Mo sọ gbogbo èyí fún un lálẹ́ ọjọ́ kan tí kò síná, a jókòó síta, mo ń fi abẹ̀bẹ̀ lé ẹ̀fọn, mo ń fi ẹnu lé òun. Ó jẹ́ kí n parí. Lẹ́yìn náà ló wọlé lọ, ó sì gbé àpò bébà kan jáde tó rí lábẹ́ àpótí aṣọ mi níjọ́ tó bá mi wá ìwé ilẹ̀. Ó tan iná fóònù sí i.

Ẹ̀yin òǹkàwé mi, ẹ jọ̀ọ́, ẹ fojú fò ó.

Ìwé ìpín ìdókòwò mi ni, ti ọdún 2008. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ bá ti tó àádọ́ta ọdún, ẹ mọ ohun tí mò ń sọ. Lọ́dún náà, kò sí ẹni tí kò ra ṣía. Awakọ̀ rà á, alágbàfọ̀ rà á, alùfáà fi í wàásù. Mo yá owó lẹ́nu iṣẹ́ láti fi rà á. Ní oṣù Kẹta ọdún yẹn, òṣùwọ̀n ọjà ìpín ìdókòwò ní Èkó gòkè kọjá 66,000. Nígbà tó fi máa pé ọdún kan, kò tó ìdajì ìyẹn mọ́. Ó di 2023 kó tó padà síbi tó ti já, nígbà yẹn náírà tí wọ́n fi ń wọ̀n ọ́n kì í ṣe náírà tí mo fi rà á mọ́. Báńkì tí mo ra tiwọn kò sí mọ́, mo ṣì mú ìwé wọn dání.

"Bọ̀dá," Kòsọ́la wí pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́, "eré mélòó lẹ kó sórí tíkẹ́ẹ̀tì tiyín yìí?"

N kò dáhùn. Ẹ̀fọn jẹ mí.

Ó wá bẹ̀rẹ̀. Ó ní ṣé mo rò pé aṣiwèrè ni wọ́n ni? Ó ní nígbà tóun kọ́kọ́ gbàṣẹ́, òun kó owó jọ bí mo ṣe kọ́ òun, nínú báńkì, láìfọwọ́ kàn án. Ní oṣù Karùn-ún 2023 ni wọ́n ní owó ìrànwọ́ epo ti lọ. Epo tó jẹ́ bí ₦190 fò sí nǹkan bí ₦500, kí 2024 sì tó parí ó ti kọjá ₦1,000. Dọ́là tí báńkì ń ṣẹ́ ní nǹkan bí ₦460 lọ́wọ́ ìbẹ̀rẹ̀ oṣù Kẹfà 2023 lé ní ₦1,500 kí 2024 tó lọ. Ó ní àjọ NBS fúnra wọn ló sọ pé ní oṣù Kejìlá 2024, ọjà ti fi ìdá 34.8 nínú ọgọ́rùn-ún gbówó lórí láàárín ọdún kan. "Ẹ fi ₦100,000 pamọ́ ní oṣù Kejìlá, Bọ̀dá. Ẹ má ná kọ́bọ̀ níbẹ̀. Tó bá fi máa di oṣù Kejìlá kejì, ohun tí ₦74,000 ń rà tẹ́lẹ̀ ló máa rà. Ta ló gbé ẹgbẹ̀rún mẹ́rìndínlọ́gbọ̀n yẹn? Kì í ṣe èmi o, mo sùn ni."

Ó tún fi kún un pé òfin ilé gbígbé wà ní Èkó láti 2011 pé onílé kò gbọdọ̀ gbà ju owó ọdún kan lọ lọ́wọ́ ayálégbé tuntun, ọ̀rẹ́ òun sì ṣẹ̀ṣẹ̀ san ọdún méjì ní Ṣómólú. Ìyẹn dùn mí wọ egungun. Ṣómólú tó ni alájọ! Alájọ Ṣómólú tí wọ́n ní orí ló fi ń ka owó àjọ gbogbo àdúgbò láìkọ ọ́ síwèé, tí wọ́n tún ní ó ta mọ́tò ra kẹ̀kẹ́. Ọ̀rẹ́ rẹ̀ yìí náà ta kọ̀ǹpútà tó fi ń ṣiṣẹ́, ó fi ra fóònù alápù tí ẹnì kan ti gé jẹ. Ó kéré tán, kẹ̀kẹ́ alájọ wọ kọ̀rọ̀ tí mọ́tò kò lè wọ̀.

Ká sòótọ́, ìran tèmi kò lẹ́nu láti fi bá wọn wí. Ní 1980, náírà kan ju dọ́là kan lọ. Ẹ bi wá ohun tí a fi ṣe. A sin òkú. A fi owó tó tó kọ́ ilé sin òkú, a sì ná ìyókù sí iwájú orí olórin. Àwọn ọmọ yìí kò tiẹ̀ rí òkú tó dáa bẹ́ẹ̀ sin.

Ẹnì kan ṣoṣo ló lówó lọ́wọ́ nínú ilé wa, kò sì sọ̀rọ̀ títí a fi parí. Ìyàwó mi. Òun àti àwọn obìnrin mẹ́sàn-án kan ní ọjà Bódìjà ń dá àjọ. Bí ó bá kó tirẹ̀, kì í jẹ́ kí owó náà sùn mọ́jú. Ní àsìkò tí epo pupa bá pọ̀, tí ó sì rọjú, á rà á ní kẹ́ẹ̀gì kẹ́ẹ̀gì, á gbé e pamọ́, títí epo á fi wọ́n kí ó tó tà á. Ibo ló ń gbé e sí? Sí yàrá ẹ̀yìn, lábẹ́ ibùsùn Kòsọ́la. Kẹ́ẹ̀gì mọ́kànlá ló wà níbẹ̀ bí mo ṣe ń kọ̀wé yìí. Kòsọ́la ti wí títí pé òórùn epo ti wọ gbogbo ṣẹ́ẹ̀tì òun, pé kí ni ọjà oṣù Kọkànlá kan òun, ṣé ọ̀la wà ni. Alaalẹ́ ló ń sùn lórí rẹ̀, ó ń hanrun.

Sátidé tó kọjá, owó tan lọ́wọ́ rẹ̀. Ó wá bá ìyàwó mi, ó dọ̀bálẹ̀ gbọọrọ. Ìyàwó mi fún un ní ₦500, ó ní kó gbé kẹ́ẹ̀gì méjì síta fún oníbàárà kan. Ó gbé e. Lẹ́yìn náà ló wá jókòó tì mí, ó ní nítorí ọ̀rọ̀ tí a jọ sọ lálẹ́ ọjọ́ yẹn, kí n má bàa máa bínú, kí èmi náà mú eré kan. Mọ́kànlá ló ti mú, tèmi ló kù.

Mo kọ́kọ́ kọ̀. Àgbà ni mí, mo ní ipò ní ṣọ́ọ̀ṣì. Lẹ́yìn ìṣẹ́jú mẹ́ta, mo bojú wẹ̀yìn, mo mú ẹgbẹ́ agbábọ́ọ̀lù kan tí mo ti fẹ́ràn láti kékeré, tí bàbá mi máa ń gbé mi lọ wò. N kò ní dárúkọ wọn, nítorí Ìbàdàn ni mo ṣì ń gbé. Nílé ni wọ́n ti ń gbá a, ẹgbẹ́ tó kẹ́yìn ni wọ́n sì ń bá gbá. Kí ló tún kù?

Nígbà tó fi di aago mẹ́jọ alẹ́, mẹ́jọ ti wọlé. Aago mẹ́sàn-án, mẹ́wàá. Gólí Tọ́kì, tìka-tìka, mú pẹnárítì. Mọ́kànlá! A ti dìde dúró. Kòsọ́la di ọwọ́ mi mú, ọwọ́ rẹ̀ tutù bí omi àmù. Àwọn tèmi ń jẹ wọ́n ní ẹyọ kan sí òdo, ìṣẹ́jú àádọ́rùn-ún ti pé. Mo ti ń ṣírò gílóòbù tó máa rà sí yàrá náà.

Ìṣẹ́jú kan lé àádọ́rùn-ún ni àwọn alátakò fi orí kan bọ́ọ̀lù bọ inú àwọ̀n wa.

Ó wò mí. Ó pẹ́ tó fi wò mí. Ìyàwó mi ń da epo láti inú kẹ́ẹ̀gì kan sí òmíràn lábẹ́ àtùpà, kò gbójú sókè.

"Bọ̀dá," ó ní, "Sátidé tó ń bọ̀, èmi nìkan ni màá mú gbogbo ẹ̀ o."